Páìpù Tó Ń Làágùn

Kí n tó fẹ́ ọkọ mi, n kò mọ̀ pé irin lè làágùn. Òun ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bí òtútù bá ń gba inú páìpù kọjá, tí ooru etí òkun wa yìí sì kàn án lára láti ìta, páìpù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Òógùn yẹn á di yìnyín, yìnyín á máa wú, ìpẹtà á sì máa jẹ irin lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wé irú páìpù bẹ́ẹ̀, kó wé e bí ìyá ṣe ń wé ọmọ tuntun lásìkò òjò, kí afẹ́fẹ́ má ríbi yọ́ wọlé.

Wàrì ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi edé sínú yìnyín ránṣẹ́ sí òkè òkun. Èmi jẹ́ ọmọ Òde Máhìn, ṣùgbọ́n Wàrì la ti pàdé, ibẹ̀ la sì ń gbé títí òkun fi gbé ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Àràròmí. Ìyá rẹ̀ kó ohun tó kù sínú ọkọ̀, ó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú kékeré kan lórí omi, lọ́nà Mọ́lútẹ̀hìn. Ọkọ mi ní òun ò lè máa gbé ìlú ẹlòmíràn kí ìyá òun máa dá sùn. Bí a ṣe kó padà wálé nìyẹn.

Gbogbo ilé tó wà ní ìlú náà, orí òpó ló wà. Afárá pákó la ń gbà láti ilé dé ilé, ibi tí pákó bá sì ti tán, ọkọ̀ ló kù. Ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí odò ti ṣí lọ sọ́nà òkun, ni ẹgbẹ́ àwọn apẹja kọ́ ilé yìnyín kan sí. Ó ní yàrá ẹ́ńjìnnì lápá kan, ó ní kóòdùrúùmù, ìyẹn yàrá òtútù, lápá kejì níbi tí àwọn obìnrin ń kó ẹja wọn sí, pèpéle pákó gígùn kan ló sì so méjèèjì pọ̀. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn ibẹ̀ ju ilé àdúrà lọ. Ó máa ń sọ pé kí ilé yìnyín tó dé, bí ọkọ̀ oníbàárà bá pẹ́ díẹ̀, inú omi lòun ń da ẹja ọ̀bọ̀kún tó ti bàjẹ́ padà sí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọkọ mi wọ yàrá ẹ́ńjìnnì náà ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Òórùn kan wà níbẹ̀ bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú póò, ó ń ta mí nímú. Bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì rí i pé mo fọwọ́ bomú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń rùn díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á mọ́ ẹ lára."

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Òkè ló ń wò. Páìpù ńlá kan gba abẹ́ òrùlé láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ sí kóòdùrúùmù. Fóòmù tí wọ́n fi wé e nígbà àkọ́kọ́ ti dúdú, ó ti ya, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí pákó. Níbi tí páìpù náà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tó yà sápá kan, yìnyín yọ gẹ̀gẹ̀ sí i lọ́rùn, ó tóbi ju orí màlúù lọ.

"Ó ti tó ìgbà wo tíyẹn ti wà níbẹ̀, Bàbá?" ni ọkọ mi béèrè.

"Ó ti pẹ́. Bí a bá gbá a kúrò, á tún hù."

Nígbà tí a délé, mo bi ọkọ mi pé kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ó ní amóníà ni, gáàsì tó ń sáré nínú páìpù tó sì ń mú òtútù wá. Mo ní kí ló ń ṣe fún èèyàn. Ó ṣáà ní bó bá kéré, imú ló ń ta. Bó bá pọ̀, á jẹ ojú, á sì di ọ̀nà ọ̀fun pa.

"Ní Wàrì," ni mo wí, "ẹ sọ pé bí aago ìkìlọ̀ bá ti dún, gbogbo yín ń sáré jáde gba títì lọ. Níbí ńkọ́? Níbo la máa sáré gbà?"

Lábẹ́ ilẹ̀ pákó wa, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu òpó.

"Ojú afẹ́fẹ́ la máa kọjú sí," ó ní. "Ibi tó ti ń fẹ́ bọ̀ la máa lọ, kì í ṣe ibi tó ń fẹ́ lọ."

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe bí mo bá jí ni pé kí n wo ibi tí èéfín ìdáná àwọn èèyàn ń tẹ̀ sí.

Ọkọ mi sọ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, kí wọ́n fa gáàsì inú páìpù yẹn dà sínú táǹkì rẹ̀, kí òun tó tú u wé. Wọ́n ní àsìkò ẹja la wà, kóòdùrúùmù kún dé òrùlé. Bí wọ́n bá pa á, ẹja gbogbo ìlú ló máa bàjẹ́. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan níkẹyìn pé láràárọ̀, bàbá ẹlẹ́ńjìnnì á dá ẹ́ńjìnnì dúró títí di ọ̀sán, á ti fáàfù, ìyẹn ìdérí tó ń sé gáàsì, ní apá ibi tí a bá ń ṣiṣẹ́ sí, a ó sì máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Inú ọkọ mi ò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹja ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Èmi ni mo ń bá a gé fóòmù. Apá ibi tí páìpù ti nà gbọọrọ la ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. A ń bó èyí tó ti gbó, a ń nu irin títí yóò fi gbẹ, a ń fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kó pẹtà kùn ún. Lẹ́yìn náà la ó gbé fóòmù tuntun lé e, apá kan lókè, apá kan nísàlẹ̀, a ó fi gọ́ọ̀mù di ojú ìsopọ̀ rẹ̀, a ó fi bébà olóòdà dúdú yí i ká, a ó wá fi páànù bò ó. Bí a bá ti parí apá kan, ọkọ mi á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá gbẹ, á mi orí. Mo máa ń fọwọ́ kàn án lẹ́yìn rẹ̀, inú mi á sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbójú sókè, gẹ̀gẹ̀ yìnyín yẹn ló ń dúró dè wá ní kọ́rọ́.

A dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òòrùn ti mú ganrín. Ọkọ mi gun àkàbà, ó yọ fóòmù tó yí i ká, ó sì dúró, ó ń wò ó. Mo na òòlù sí i. Ó mi orí.

"A ò ní lù ú. A máa jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀. N kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

A wá jókòó dè é. Mo ń gé fóòmù lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn mí. Bàbá ẹlẹ́ńjìnnì wà níta lẹ́yìn ilé, ó ń fi epo sínú jẹnẹrétọ̀. Yìnyín ń kán tó, tó, tó. Nígbà tó yá, ọkọ mi tún gun òkè lọ láti wò ó. Bó ṣe na ọwọ́ sí i báyìí, kò tíì kàn án, yìnyín náà já fúnra rẹ̀. Ó balẹ̀ gbì sórí pákó, gbogbo ilé mì.

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn kéré gan-an. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń súfèé láàárín eyín.

"Jáde," ni ọkọ mi wí. Kò pariwo. "Ìyá ọmọ mi, má mí. Jáde."

Súfèé náà di ariwo. Nǹkan funfun tú jáde láti kọ́rọ́ páìpù náà bí ìkúùkù, ó bo àkàbà, ó bo ẹsẹ̀ ọkọ mi, n kò rí i mọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó dìde. Ó gbá mi lójú bí ẹni da ata lù mí. Ọ̀fun mi sé. N kò mọ bí mo ṣe dé ìta. Mo ṣáà rí i pé mo wà lórí eékún lórí pèpéle, mo ń wúkọ́, omi ń dà lójú mi, mo sì ń pe ọkọ mi, ohùn ò jáde.

Lẹ́yìn ilé, bàbá ẹlẹ́ńjìnnì ti ń lu àgbá irin gbàn-ìn gbàn-ìn. Àwọn èèyàn ń kígbe láti ilé dé ilé, mo ń gbọ́ bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń kọlu ara wọn. Ìkúùkù náà kò gòkè. Ó ń rá lórí pákó, ó ń ṣàn bọ́ sórí omi.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ìyá ọkọ mi wà nínú kóòdùrúùmù.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó. Afárá tó lọ sí àárín ìlú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣófo. Ọ̀nà kóòdùrúùmù ni ìkúùkù náà ń rá lọ. Mo tú gèlè mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo rì í bọ omi lábẹ́ pèpéle, mo fi di imú àti ẹnu. Mo di ojú mi, mo fọwọ́ kan ògiri, mo sì lọ. Awọ ara mi ń jó níbi tí òógùn wà. Mo rò pé ògiri yẹn ò ní tán láé.

Ọwọ́ mi kan irin ilẹ̀kùn. Mo fi gbogbo ara fà á.

Ìyá ọkọ mi àti àwọn obìnrin méjì mìíràn wà nínú, wọ́n wọ súwẹ́tà, wọ́n ń ṣa ọ̀bọ̀kún sínú apẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà nípọn. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ yẹn?" ni Màmá kígbe. "Tì í, òtútù ń jáde!"

"Màmá, gáàsì! Ẹ bọ́ síta!"

Òórùn náà ti bá mi wọlé. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó da ẹja inú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó mú obìnrin kan lọ́wọ́, ó ti èkejì síwájú. A ò lè gba ọ̀nà tí mo gbà wá padà. Ọkọ̀ Màmá wà níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ òpó níwájú ilẹ̀kùn. A bẹ́ sínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Màmá gbé ojú sókè, ó gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ki àjẹ̀ bọ omi. Ọ̀nà òkun ló kọjú ọkọ̀ sí. Èmi náà mú àjẹ̀ kejì. A wà á bí ẹni tí ikú ń lé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ń wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀, èkejì ń pe Jésù.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ mọ́, Màmá dá àjẹ̀ dúró. Ó yí padà, ó wò mí.

"Ọmọ mi dà?"

Mo tẹjú mọ́ àjẹ̀ ọwọ́ mi.

"Mo ní ọmọ mi dà, ìyàwó mi?"

"Orí àkàbà ló wà," ni mo wí.

Kò sunkún. Ó jókòó síbẹ̀, àjẹ̀ lé itan rẹ̀, ó ń wo ilé yìnyín. Ilé náà dà bí ohun tí wọ́n fi òwú wé. Bí a ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, n kò mọ̀. Mo ń ronú nípa ọmọ wa tó wà nílé ìwé ní Òde Máhìn lọ́dọ̀ ìyá mi, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sọ fún un.

Díẹ̀díẹ̀, ìkúùkù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. A rí òrùlé, a rí òpó. Bàbá ẹlẹ́ńjìnnì yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, aṣọ rẹ̀ tutù rin, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Mo ti tì í! Fáàfù tí mo tì láàárọ̀ ò sé e tán, mo ti lọ ti fáàfù táǹkì gan-an!"

"Ọmọ mi dà?" ni Màmá kígbe sí i.

Bàbá náà rọ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tó bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ yẹn ló burú jù.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ló gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ Màmá mú. "Ẹ fetí sílẹ̀." Kó, kó, kó. Nǹkan kan ń lu igi lábẹ́ ilé. A fi gèlè tútù bomú, a wa ọkọ̀ wọ àárín àwọn òpó náà. Ọkọ mi wà níbẹ̀, inú omi dé ọrùn, ó fi apá kan gbá òpó mọ́ra, ó fi èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ ń lù ú. Ó ti fi ẹ̀wù rẹ̀ tó tutù bo imú. Ojú fèrèsé ló ti gbà fò sínú omi. Mo na ọwọ́, mo fi kan orí rẹ̀. Ó ta gìrì.

"Ta nìyẹn?" ó ní.

Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èmi gan-an ló sì ń wò.

Màmá mú gálọ́ọ̀nù omi mímu tó wà nínú ọkọ̀, ó ń dà á sí i lójú bí a ṣe ń fà á wọnú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì kan gbé wa lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, Màmá kò dáwọ́ dúró. Bí omi bá tán, á tọrọ òmíràn lọ́wọ́ ọkọ̀ tí a bá pàdé. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní omi yẹn ló ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n tún fọ ojú náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fi báńdéèjì dì í, wọ́n fi rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú.

Mo ń bu púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, sí i lẹ́nu bí ọmọdé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ ti bó. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Gbogbo ìgbà yẹn, yìnyín ló di ihò náà." Mo ní kó jẹun. N kò fẹ́ ronú nípa rẹ̀, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí omi dídì lásán sì wà láàárín àwọn àti ikú.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, dókítà ní kó sọ ohun tó rí. Ó wò mí títí.

"Ìyàwó mi ni. Aṣọ pupa ló wọ̀."

Aṣọ búlúù ni mo wọ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó má baà gbọ́ ẹkún mi.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ti òsì ṣì ṣú títí di òní, ó ní ó dà bí ẹni tó ń wo nǹkan láti abẹ́ omi ẹrẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ kò sì lọ tán.

Ẹgbẹ́ apẹja pa ilé yìnyín náà pátápátá lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ẹja tó máa bàjẹ́ bàjẹ́. Wọ́n fa gáàsì tó kù pamọ́, wọ́n mú jórinjórin wá láti Wàrì, ó gé kọ́rọ́ páìpù náà kúrò. Gbogbo wa wò ó. Abẹ́ ibi tí yìnyín wà, irin náà ti fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì, ó ń bó lọ́wọ́ bí èèpo igi. Bàbá ẹlẹ́ńjìnnì mú un, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀, ó lọ dá jókòó.

Wọ́n fi páìpù tuntun sí i. Wọ́n ra ìbomú aláàbò tó bo gbogbo ojú. Wọ́n wá bá ọkọ mi pé kó wá wé e. Kò lè gun àkàbà. Bó bá wo ìsàlẹ̀ láti òkè, òòyì á kọ́ ọ. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi.

"N kò lè ṣe é," ni mo wí. "Ẹ wá ẹlòmíràn."

Nígbà tó ku èmi àti Màmá, ó ní, "Ìyàwó mi, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n wé bá sá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wé ló máa wé e. Èmi ni n óò sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹja mi."

Mo lọ. N ò ní purọ́, bí mo ṣe ń gun àkàbà náà, mo ń gbàdúrà ní orí igi kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé páìpù náà ṣófo, mo rí i nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, síbẹ̀ bí pákó bá dún níbì kan, mo máa ń dúró fetí sílẹ̀. Ọkọ mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fetí sí iṣẹ́ mi.

"Ṣé o ti fi gọ́ọ̀mù di ojú ìsopọ̀ yẹn?"

"Mo ti fi dì í."

"Abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí o ò rí?"

Mo tún fi ọwọ́ wá abẹ́ rẹ̀, mo rí àyè kékeré kan tí èékánná mi lè wọ̀. Òógùn bò mí. Mo dí i, mo tún dí i. Mo wá kan páànù ìkẹyìn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, àwọn èèyàn dúró jìnnà sórí afárá, àwọn kan wà nínú ọkọ̀ wọn, àjẹ̀ lọ́wọ́. Mo wọ ìbomú, mo wọlé pẹ̀lú bàbá ẹlẹ́ńjìnnì. Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú páìpù, irin ń ké bó ṣe ń sún kì. Nígbà tó ti pẹ́ díẹ̀, mo gun òkè, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan kọ́rọ́ náà. Ó gbẹ. Mo yí ọwọ́ lọ sí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà gbẹ.

Mo jáde. Màmá dúró lórí pèpéle pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja lórí.

"Ṣé kí n wọlé?" ó bi mí.

Mo gba apẹ̀rẹ̀ náà lórí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jọ wọlé, Màmá," ni mo wí. A sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn wa. Lọ́jọ́ náà, Màmá kò sọ pé òtútù ń jáde.